Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kì í Dúró Kí Ìyá Rẹ̀ Kú: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Kílọ́ọ̀bù Bọ́ọ̀lù Wá Arọ́pò fún Àgbà Ọ̀jẹ̀?

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wá bá mi nílé, wọ́n ní kí n mú kókó ọ̀rọ̀ tí àgbà yóò gbọ́ tí kò ní sùn, tí ọmọdé náà yóò gbọ́ tí kò ní sá jáde. Mo rò ó títí, mo ní kò sí òmíràn ju bọ́ọ̀lù lọ. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ẹ lọ sí àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ní Kwangila níbí, ẹ ó gbọ́ ariwo. Ohun tí wọ́n sì máa ń jà lé lórí jù ni pé: lágbájá ti ń dàgbà, ṣé kí kílọ́ọ̀bù rẹ̀ ra ọmọdé tí yóò gba ipò rẹ̀ ni, àbí kí wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ kó máa gbá a lọ? Àwọn kan á ní ó ti yá jù, àwọn kan á ní ó ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ náà dàbí eré, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kan ilé, ó kan ọ́fíìsì, ó sì kan ẹgbẹ́ wa yìí pẹ̀lú.

N óò sọ èrò mi síta láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ń lọ. Ìgbà tó yẹ kí kílọ́ọ̀bù gba arọ́pò wọlé ni ìgbà tí àgbà ọ̀jẹ̀ ṣì ń ṣe dáadáa, tí ó ku bí ọdún méjì sí mẹ́ta kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rẹ̀. Bí a bá dúró dìgbà tí àwọn èrò ìwòran bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, a ti pẹ́. Àmọ́ gbígba ọmọdé wọlé nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ lè mú un dúró, a kò sì gbọdọ̀ ti àgbà síta bí ẹni da omi ìfọṣọ nù.

ÒWE ÀWỌN BÀBÁ WA

Àwọn àgbà ní bí iná kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ibi ìsìnkú la sì ti máa ń pa á jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí mọ̀ pé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró kí ìyá rẹ̀ kú kó tó yọrí. Nígbà tí ìyá ṣì dúró gbọin-gbọin, tí kò tilẹ̀ tíì so, ni ọmọ ti ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá bẹ́ odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ọmọ ti ga tó ìgbáròkó. Àgbẹ̀ tó bá gé gbogbo ọmọ dànù kí ìyá lè so dáadáa yóò jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́dún kan, lọ́dún kejì yóò máa wá ẹni tí yóò fún un ní irúgbìn.

SHOOTING STARS ÌBÀDÀN ÀTI ỌMỌ KÀDÚNÁ KAN

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1963, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní Kàdúná. Ọmọ Yorùbá ni, ará Ira ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni àwọn òbí rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín, Òkè Ọya ni ó ti dàgbà. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ni ó ti kọ́kọ́ fi ara hàn. Ràṣídì Yẹkínì ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1982, Shooting Stars Ìbàdàn gbà á. Ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan ṣe rí ní kílọ́ọ̀bù náà lọ́dún yẹn. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni olórí ìràwọ̀ wọn. Òun ló jẹ gólù méjì nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria ní Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 1980, tí a fi gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti wà nínú ikọ̀ Shooting Stars tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1976. Nígbà tí Yẹkínì dé, Ọdẹ́gbàmí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Kò tíì ṣàárẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pariwo pé kó lọ sinmi. Síbẹ̀, wọ́n mú ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Ní 1983, Shooting Stars gba ife ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà. Ní 1984, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn kílọ́ọ̀bù tó gba líìgì ní Áfíríkà, kí Zamalek ti Íjíbítì tó borí wọn, 2-0 ní Cairo àti 1-0 ní Èkó. Lẹ́yìn àṣekágbá yẹn ni Ọdẹ́gbàmí fi bàtà kọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún méjì ni àgbà àti ọmọdé fi jọ wà. Láàárín ọdún méjì yẹn, kílọ́ọ̀bù kò pàdánù agbára àgbà, ọmọdé sì ń rí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù ńlá láìjẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n gbé e lé lórí. Yunifásítì Ahmadu Bello ni mo wà nígbà náà. A máa ń kóra jọ sídìí rédíò ní Samaru, inú wa sì máa ń dùn pé ọmọ Kàdúná tiwa wà níbẹ̀.

RÍRÍ ARỌ́PÒ Ọ̀TỌ̀, MÍMÚ UN DÚRÓ Ọ̀TỌ̀

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní àkókò kan náà tí Ọdẹ́gbàmí fẹ̀yìn tì, Yẹkínì náà kúrò ní Ìbàdàn, ó lọ sí Abíọ́lá Babes ní Abẹ́òkúta. Ìyá lọ, ọmọ náà lọ. Ohun tí Shooting Stars ti fi ọdún méjì tọ́, Abẹ́òkúta ni ó ti so èso: Abíọ́lá Babes gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ní ti líìgì, láti 1983, ó di 1995 kí Shooting Stars tó tún gbà á. N kò ní kí a di gbogbo ẹ̀bi ọdún 12 yẹn lé lílọ ẹnì kan ṣoṣo lórí, nítorí wọ́n gba ife CAF ní 1992 láàárín ìgbà náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé arọ́pò tí kò sí nílé lọ́jọ́ tí àgbà lọ kì í ṣe arọ́pò mọ́, ó ti di ọmọ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, nígbà tí kílọ́ọ̀bù bá ń kọ ìwé àdéhùn fún ọmọdé, kó wo ìwé àdéhùn àgbà pẹ̀lú. Bí ti àgbà bá ku ọdún méjì, ti ọmọdé gbọ́dọ̀ kọjá ọdún méjì dáadáa. Ìwé àdéhùn méjèèjì kò gbọdọ̀ parí lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù ilẹ̀ wa kì í ka èyí sí, owó tó wà nílẹ̀ ni wọ́n máa ń wò.

NÍGBÀ TÍ YẸKÍNÌ FÚNRA RẸ̀ DI ÀGBÀ

Láti Abẹ́òkúta, Yẹkínì lọ sí Africa Sports ní Abidjan, lẹ́yìn náà ó lọ sí Vitória Setúbal ní Pọ́túgà. Ní sáà 1993/94, gólù 21 tó jẹ ni ó fi ṣe àkọ́kọ́ láàárín gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù ní líìgì àgbà orílẹ̀-èdè náà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ti 1993. Ní 1994, a fi gólù rẹ̀ gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà, márùn-ún ni ó jẹ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún náà, ní Dallas, ó jẹ gólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ rí ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, lọ́jọ́ tí a na Bulgaria 3-0. Ẹ rántí bó ṣe di àwọ̀n mú tó ń sunkún ayọ̀. Gbogbo gólù tó jẹ fún Nàìjíríà jẹ́ 37.

Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ta ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Ọmọ Kàdúná mìíràn ni: Daniel Amokachi. Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní 1972, Ranchers Bees tiwa níhìn-ín ni ó ti lọ sí Club Brugge ní Belgium. Nínú gólù mẹ́ta ọjọ́ Bulgaria yẹn, Amokachi ló jẹ ìkejì. Ọdún mẹ́sàn-án ni Yẹkínì fi jù ú lọ. Ètò náà pé, ó wuyì lójú. Ṣùgbọ́n orúnkún Amokachi kò jẹ́ kó gbá a títí. Nígbà tí ó fi di Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1998 ní Faransé, Yẹkínì tó ti pé ọdún 34 ni a tún ń pè. Denmark na wá 4-1, a darí sílé. Láti 1994, ó tó ọdún 19 kí a tó tún gba ife Áfíríkà, ní 2013.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ kan kò tó. Ara agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe irin. Ẹni tó bá fẹ́ kí ipò kan má ṣòfò, kó ní ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó ń tọ́ sí i, kí ọjọ́ orí wọn má sì dọ́gba.

ÀPẸẸRẸ ÀWỌN MÌÍRÀN

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aṣọ́lé. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002, Ike Shorunmu, ọmọ ọdún 34, ni ó ṣọ́lé fún wa nígbà tí a pàdé Argentina àti Sweden. A pàdánù méjèèjì. Ìdíje kẹta pẹ̀lú England kù, àmọ́ kò lè gbé wa kọjá mọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Adégbóyè Onígbindé wá fi ọmọ ọdún 19 kan sílé, Vincent Enyeama. Òmì 0-0 ni a ta pẹ̀lú England. Ọmọ yẹn lọ títí, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní ìgbà 101, òun ló sì wà nílé nígbà tí a gba ife 2013. Ẹ wo ọgbọ́n náà: ọjọ́ tí àṣìṣe kò lè ba nǹkan jẹ́ mọ́ ni wọ́n yàn láti fi ọmọdé dánra wò.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Manchester United, tí ọ̀pọ̀ yín ń bá wọn sunkún, jẹ́ kí Peter Schmeichel lọ ní 1999 lẹ́yìn tí wọ́n gba ife Yúróòpù. Láti ìgbà náà, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ́lé bí ẹni pààrọ̀ aṣọ, títí Edwin van der Sar fi dé ní 2005. Ọdún mẹ́fà gbáko! Nígbà tí van der Sar náà fẹ̀yìn tì ní 2011, tó ti pé ọmọ ogójì ọdún, kíá ni wọ́n mú David de Gea, ọmọ ogún ọdún. Wọ́n ti kọ́gbọ́n.

Arsenal ní tiwọn, 2003 ni wọ́n mú Cesc Fàbregas wá láti Barcelona, ọmọ ọdún 16. Patrick Vieira ni balógun wọn ní àárín pápá, kò sì tíì rẹ̀ ẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 2005, wọ́n ta Vieira fún Juventus. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2006, kílọ́ọ̀bù méjèèjì pàdé. Fàbregas jẹ gólù kan, ó gbé èkejì fún Thierry Henry, Arsenal sì borí 2-0. Ọmọdé tó kọ́ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ Vieira ni ó borí Vieira. Ẹ kíyè sí i pé ọdún méjì náà ni wọ́n fi jọ wà, bíi ti Ọdẹ́gbàmí àti Yẹkínì.

BÁWO NI A ṢE Ń MỌ̀ PÉ ÀKÓKÒ TÓ?

Nínú iṣẹ́ ìjọba tí mo ṣe, ọ̀rọ̀ rọrùn. Ọjọ́ tí wọ́n gbà ọ́ ni o ti mọ ọjọ́ tí o máa lọ: ọmọ ọgọ́ta ọdún, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá ṣáájú. Síbẹ̀ náà, mo rí ọ́fíìsì tí akọ̀wé àgbà kan ti fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ẹtì, tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí fáìlì wà lọ́jọ́ Ajé, nítorí inú orí bàbá náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí a ti kọ ọjọ́ sílẹ̀, mélòó-mélòó ni bọ́ọ̀lù tí kò ní déètì. Àmì ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Mo mú mẹ́rin wá:

1. Ipò tó ń gbá. Ẹni tó jẹ́ pé eré sísá ni agbára rẹ̀, létí pápá tàbí níwájú, kí a ti máa wá arọ́pò rẹ̀ láti bí ọdún 28. Ti àárín pápá àti ti ẹ̀yìn lè pẹ́ díẹ̀ sí i, nítorí ojú àti ọpọlọ ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Aṣọ́lé lè dé 35, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀.

2. Ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò fara ro, tó wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

3. Ìfarapa kan náà tó ń padà wá. Iṣan tó já lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta ní sáà kan, kí kílọ́ọ̀bù tètè ronú.

4. Ibi tí gólù ti ń wá. Bí gólù bá ṣì ń wọlé, tó sì jẹ́ pé pẹnárítì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, iye náà ń tan wá jẹ.

Àmì wọ̀nyí máa ń yọjú kí ìtìjú tó dé. Ojú gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti rí wọn.

ÀTAKÒ MẸ́TA

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní: “Bàbá, ẹ ń rí àgbà fín. Bí ẹ bá mú ọmọdé wá síwájú rẹ̀, inú rẹ̀ á bàjẹ́.” Bí a bá yọ́ ọ̀rọ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni. Kí àwọn aláṣẹ pe àgbà síkọ̀kọ̀, kí wọ́n sọ fún un kó tó gbọ́ ọ lórí rédíò. Kí wọ́n fi ọmọ náà lé e lọ́wọ́, kí wọ́n ní, “Ìwọ ni a fẹ́ kó kọ́ ọ.” Ẹni tí a sọ di olùkọ́ kò ní rò pé a lé òun.

Àwọn mìíràn yóò ní kò sówó. Kílọ́ọ̀bù ilẹ̀ wa ń jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù, báwo ni yóò ṣe san ti ènìyàn méjì lórí ipò kan? Ìdáhùn mi ni pé ọmọdé tí kò tíì lórúkọ kò wọ́n. Ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ni Shooting Stars ti rí Yẹkínì. Ohun tó wọ́n ni kí a dúró dìgbà tí ipò ti ṣófo, kí gbogbo ọjà mọ̀ pé ebi ń pa wá.

Àwọn kẹta yóò ní ọmọdé tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yóò bàjẹ́. Òótọ́ ni èyí. Nítorí náà, kí wọ́n má fi í jókòó lásán. Kó máa wọlé fún ogún ìṣẹ́jú ìparí, kó gbá àwọn ìdíje kékeré, kó sì máa gbá a pẹ̀lú àgbà nígbà tí ipò wọn bá gba bẹ́ẹ̀. Bó bá jókòó fún odindi sáà méjì láìgbá a, ẹ̀bi kílọ́ọ̀bù ni.

ẸNI TÓ Ń LỌ ŃKỌ́?

Gbogbo ètò ìrọ́pò ní ẹni méjì nínú: ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ. Ti ẹni tó ń bọ̀ ni a máa ń sọ jù. Olóògbé Yẹkínì gbá bọ́ọ̀lù kiri Switzerland, Tùnísíà, Saudi Arabia àti Abidjan, ó padà wá sí Julius Berger ní Èkó, ó sì tún gbá fún Gateway ní Abẹ́òkúta ní 2005, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ìbàdàn ni ó kú sí ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ẹni ọdún 48. Ira ni wọ́n sin ín sí. Ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra, ikú rẹ̀ sì dùn mí. Mo máa ń bi ara mi pé: nígbà tí orílẹ̀-èdè ń wá ẹni tí yóò jẹ gólù bíi tirẹ̀, ǹjẹ́ a fún un ní ọmọ mẹ́wàá kó fi bó ṣe ń ṣe é hàn wọ́n?

Ó ṣeé ṣe. Ọdẹ́gbàmí dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Wasinmi ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìwé tí wọ́n sì ń kọ́ bọ́ọ̀lù. Stephen Keshi, balógun ikọ̀ wa ní 1994, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ife 2013, Amokachi tí orúnkún ti yọ lẹ́nu sì ni igbákejì rẹ̀. Àgbà tí a kò sọ nù ni ó mú ife padà wálé.

Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ MI

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹ wo orí tábìlì iwájú yìí. Akọ̀wé wa, akápò wa, àwa tí a ń kó owó oṣù jọ, àwa tí a mọ ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe dé Zaria, ọmọ ọdún mélòó ni àwa? Ta ni ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń wo bí a ṣe ń ṣe é? Àwọn ọmọ wa ń lọ sí Àbújá, wọ́n ń lọ sí Èkó, wọ́n ń lọ sókè òkun, Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ́kù ní Kwangila pẹ̀lú wa, àga ẹ̀yìn ni a ń gbé fún wọn.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìgbìmọ̀ wa jókòó lé e lórí pé, láti ìdìbò tó ń bọ̀, olóyè kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yóò ní ọ̀dọ́ kan tí wọn yóò jọ máa ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, tí yóò máa rí ìwé, tí yóò máa rí àkáǹtì. Kí olóyè náà má sì lọ sílé lẹ́yìn náà. Kó dúró bí olùbádámọ̀ràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé wa dahoro. Ọmọ wa yóò jù wá lọ, yóò sì ṣojú wa.